Ta Ni Ó Di Ìsàlẹ̀ Orin Mú? Ìwádìí Ìgbésí Ayé Afọntúbà Kan ní Ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀rúndún Ogún

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí wọn kì í sábà fi ṣe àkòrí ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni náà ni ọkùnrin tó ń fọn túbà nínú báńdì, ní Èkó àti káàkiri etíkun wa, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Gbogbo yín lẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Bí àwọn ọmọ ogun bá ń yan ní Eagle Square ní Àbújá, ẹ máa ń rí àwọn tó gbé fèrè idẹ ràgàjì kọ́ èjìká lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Àwọn tó ń fọn kọ̀nẹ́ẹ̀tì ló ń kọ ohùn tí a ń bá wọn súfèé. Ẹni tó gbé fèrè ńlá yẹn ń tẹ ohùn ìsàlẹ̀, bùm, bùm, ní ìtẹ̀lé ẹsẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, gbogbo orin yóò fò lókè bí ẹni tí kò nílẹ̀ tẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí kò pọ̀. Ìtàn ìgbésí ayé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣeé wá, ó sì ṣeé rí, bí a bá mọ ibi tó ti ń gba owó oṣù, ibi tó ti ṣe ìgbéyàwó, ibi tí wọ́n sin ín sí àti ilé tí àpótí rẹ̀ wà. Iṣẹ́ náà kò sì tóbi ju agbára ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àbújá lọ. Ẹ súnmọ́ ọ̀pọ̀ ibi tí a ó ti wá a ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ohun èlò náà

Ilẹ̀ Prussia, tó di ara Jámánì lẹ́yìn náà, ni túbà ti jáde. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1835 ni Wilhelm Wieprecht, ọ̀gá báńdì ológun, àti Johann Gottfried Moritz, ẹni tó ń rọ ohun èlò orin, gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Bí a bá na páìpù túbà ńlá tí ọ̀pọ̀ báńdì ń lò gbọọrọ, ó ń lọ sí ẹsẹ̀ bàtà 18. Ní àwọn ọdún 1890, wọ́n rọ irú èyí tí a ń gbé kọ́ ara ní Amẹ́ríkà fún John Philip Sousa, olórí báńdì tó gbajúmọ̀ jù nígbà náà, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é ní sousaphone.

Ẹ̀yin olùwádìí, ẹ fi èyí sọ́kàn. Àwọn báńdì tó tẹ̀ lé àṣà Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń kọ “bass” tàbí “bombardon” sílẹ̀ fún irú fèrè yìí. Ẹni tó bá ṣí fáìlì ìjọba amúnisìn, tó jẹ́ túbà nìkan ló ń wá, yóò kọjá lára ọkùnrin tó ń wá láìmọ̀.

Iṣẹ́ afọntúbà gba èémí, ó gba sùúrù, ó sì gba kíka iye. Ní báńdì ológun àti ti ọlọ́pàá, wọ́n máa ń kọ́ olórin láti ka orin lórí ìwé. Nítorí náà, bí a bá ti gbọ́ pé ẹnì kan fọn túbà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ti délẹ̀: ta ló kọ́ ọ? Ṣé bárékè ni, ṣé ilé ẹ̀kọ́ míṣọ̀n, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì? Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìwé tirẹ̀.

Báńdì ní etíkun wa

Kò sí báńdì tó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ní Cape Coast, ní ilẹ̀ tó di Ghana lónìí, àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú láti erékùṣù West Indies tí Gẹ̀ẹ́sì kó wá jagun Àṣáńtì ní àwọn ọdún 1870 ló ń fọn orin ìlú wọn bí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ gbọ́, wọ́n sì rí i pé dúdú bí tiwọn ló ń fọn ún. Láìpẹ́, àwọn náà dá báńdì sílẹ̀, irú bíi Lion Soldiers àti Edu Magicians. Orin àdáhà tó ti ibẹ̀ jáde wà lára orísun tí háílàìfù ti ṣàn wá.

Ní Èkó, ọdún 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú. Glover, aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, kó àwọn Hausa jọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun, láti inú wọn sì ni ẹgbẹ́ ọlọ́pàá ológun ti Èkó ti jáde pẹ̀lú báńdì tirẹ̀. Báńdì náà ń fọn níbi ayẹyẹ ìjọba, níbi eré ìdíje àti ní gbàgede. Nígbà tí wọ́n dá West African Frontier Force sílẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún náà, báńdì tún wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti àwọn ọmọdé àti ti ìjọ Ọlọ́run. Boys' Brigade bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1908. Salvation Army gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1920, ìjọ tó jẹ́ pé káàkiri ayé, fèrè idẹ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n báńdì tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí ni Calabar Brass Band. Àwọn ọmọ Calabar tó ń gbé Èkó ló dá a sílẹ̀, Azukwo Bassey ni olórí wọn. Wọ́n gbajúmọ̀ ní Èkó ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, wọ́n sì ṣe àwo orin fún ilé iṣẹ́ Parlophone lábẹ́ orúkọ Lagos Mozart Orchestra. Kiláríńẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, kọ̀nẹ́ẹ̀tì àti tọ̀ròńbóònù wà níbẹ̀, ìlù ìyan wà níbẹ̀, túbà sì wà lábẹ́ gbogbo wọn.

A mọ Azukwo Bassey. Ara àwo kò dárúkọ ẹni tó gbé túbà. Ọkùnrin yẹn gan-an ni mò ń sọ nípa rẹ̀. Ó jí láàárọ̀, ó lọ síbi iṣẹ́, ó jẹun, ó ra epo tó fi ń kun fèrè rẹ̀, ó bá wọn sin òkú, ó bá wọn ṣe ìgbéyàwó, èémí rẹ̀ sì wà nínú àwo tí a ṣì lè gbọ́ lónìí.

Ìdí tí orúkọ rẹ̀ fi sọnù

Ẹ jẹ́ kí á gbé afọntúbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù dùndún. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìlù tó tóbi jù, ìyáàlù, ló ń sọ̀rọ̀. Òun ló ń kì ọba, òun ló ń dárúkọ èèyàn láàárín ọjà. Ẹni tó ń lù ú, ìdílé ló ti jogún iṣẹ́ náà, orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí i: Àyántúndé, Àyánkúnlé. Bí ọgọ́rùn-ún ọdún bá kọjá, ẹni tó gbọ́ orúkọ náà mọ iṣẹ́ ilé yẹn. Nínú báńdì, fèrè tó tóbi jù ló ń sìn lẹ́yìn. Kì í ki ọba, kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń fọn ún kò jogún rẹ̀ lọ́wọ́ baba, kò sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ. Bí ó bá fi báńdì sílẹ̀, fèrè náà padà sí yàrá ìkẹ́rù ìjọba tàbí ti ẹgbẹ́, nítorí pé tiwọn ni.

Ìdí kejì ni ọwọ́ tí akọ̀wé ológun fi ń kọ orúkọ. Bí ọmọkùnrin kan bá wọ iṣẹ́ ṣọ́jà, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń gbà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á wá fi orúkọ ìlú rẹ̀ kún un. Ẹ wo Belo Akure, akọni ọmọ ogun Nàìjíríà tó gba àmì ẹ̀yẹ DCM nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é nílé kò sí nínú orúkọ yẹn. Olùwádìí tó wá sí agbo ilé tó ń béèrè “Momo Ilorin” lè bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ pàdé lẹ́nu ọ̀nà, kí ọmọ náà sì sọ pé àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ló sọ. Nọ́ńbà ṣọ́jà, ọdún tó wọṣẹ́, ìlú àti àmì ojú ni yóò so àwọn orúkọ méjèèjì pọ̀.

Ìdí kẹta dùn mí ju àwọn yòókù lọ, nítorí ọwọ́ ara wa ni. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó tú itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n sin ọ̀pọ̀ àwọn àgbà Èkó sí. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther gan-an wà níbẹ̀. Ẹni ńlá bíi tirẹ̀ rí ẹni gbé egungun rẹ̀ lọ sí Kàtídírà Màrínà. Àwọn òṣìṣẹ́ kékeré, àwọn akọ̀wé, àwọn olùkọ́ àti àwọn olórin kò rí ẹni gbé tiwọn. Òkúta tí wọ́n kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti iṣẹ́ sí lára sì bá ilẹ̀ lọ.

Ibi tí a ó ti wá a

Ẹni tó wọ iṣẹ́ báńdì ìjọba wọ inú ìwé owó. Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọọdún ni ìjọba amúnisìn ń tẹ Blue Book jáde, níbi tí wọ́n ti ń to iṣẹ́ ìjọba àti owó oṣù lẹ́sẹẹsẹ, Gazette sì ń kéde ìgbaniṣíṣẹ́, ìgbéga àti ìfẹ̀yìntì. Ní Ilé Ìpamọ́ Ìwé ti Orílẹ̀-Èdè ní Ìbàdàn, tí onímọ̀ ìtàn Kenneth Dike bá wọn dá sílẹ̀ ní 1954, ẹ ó rí CSO 26, ìyẹn fáìlì Ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà, àti COMCOL 1, fáìlì Kọmíṣánnà ìlú Èkó. Ẹni tó ń wá olórin kò gbọdọ̀ fi mọ sórí fáìlì tí wọ́n kọ báńdì sí lára. Kí ó wo fáìlì ìyàǹda fún ìwọ́de, fáìlì ẹ̀bẹ̀, fáìlì gbèsè, fáìlì ìbẹ̀wò àwọn ẹni ńlá. Nígbà tí Ọmọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà ní oṣù Kẹrin ọdún 1925, kò sí bí wọ́n ṣe lè gbà á láìsí fèrè. Ibi tí fèrè bá sì ti dún, ẹnì kan ló buwọ́ lùwé owó.

Lẹ́yìn ìwé ìjọba ni ìwé ìròyìn. Ẹ má fi ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣe é. Èkó Akéte jáde ní 1922, Elétí Ọfẹ ní 1923, Akéde Èkó ti I. B. Thomas sì ní 1928. Àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá wọ̀nyí fẹ́ràn òkú ṣíṣe, ìkómọjáde àti ìyàwó gbígbé. Wọ́n ń dárúkọ àwọn tó wá, wọ́n ń sọ báńdì tó fọn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ yóò mọ ọ̀nà tí báńdì kan ń gbà, òpópónà tó ti ń fọn jù, ìdílé tó ń pè é. Láti ibẹ̀ ni ojú ọ̀nà á ti là sí ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta ni ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àti ti kóòtù. Ní ìwé ìrìbọmi, iṣẹ́ baba sábà máa ń wà. Láti 1884 ni òfin ìgbéyàwó ti wà ní Èkó, ìwé rẹ̀ sì ń gba orúkọ ọkọ, ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ àti orúkọ baba rẹ̀. Ojú ewé kan ṣoṣo yìí lè tú ohun tí fáìlì bárékè fi pamọ́ fún ogún ọdún.

Ẹ̀kẹrin ni fèrè fúnra rẹ̀. Lára túbà àtijọ́, ẹ ó rí orúkọ ẹni tó rọ ọ́, bóyá Besson, bóyá Boosey, pẹ̀lú nọ́ńbà. Ìwé àkáǹtì ilé iṣẹ́ Boosey àti Hawkes wà ní Horniman Museum ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, nọ́ńbà fèrè sì lè tọ́ka sí ọdún tí wọ́n rọ ọ́. Fèrè tí ó ti tẹ̀, tí ó ti pọ́n, tí ó jókòó sí igun yàrá ìkẹ́rù ṣọ́ọ̀ṣì kan, ẹlẹ́rìí ni. Kí ẹnikẹ́ni tó tà á fún àwọn tó ń ra irin, ẹ ya nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni àwo orin. Kí ẹ̀rọ oníná tó dé ní 1925, inú ìwo gbọọrọ ni olórin ń fọn sí kí ohùn tó wọ àwo, ohùn báàsì olókùn kò sì fẹ́ wọlé dáadáa. Nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe àwo ṣe máa ń fi túbà rọ́pò rẹ̀. Ojú kan àwo àtijọ́ yẹn ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ fetí sí ìsàlẹ̀. Ẹ gbọ́ ibi tó ti mí. Ẹ gbọ́ bóyá ó ń gún ìlù lójú kan tàbí ó ń rìn yí i ká, bóyá ìwé ló ń kà tàbí etí ló ń tẹ̀ lé. Ìmọ̀ nípa ènìyàn nìyẹn, ó sì dájú ju ọ̀pọ̀ ohun tí a kọ sórí ìwé lọ.

Ohun tí ẹnì kan ṣe ní Amẹ́ríkà

Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìyí, kí ó gbọ́ ìtàn Paul Bierley. Ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú ni iṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀ ní Ohio. Ó tún ń fọn túbà nínú ẹgbẹ́ olórin Columbus Symphony. Nítorí ìfẹ́ tó ní sí orin Sousa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn àgbà tó ti bá Sousa ṣiṣẹ́, ó wo ìwé owó, ó wo àwọn ìwé ètò orin, títí ó fi to orúkọ àwọn olórin tó ti kọjá nínú báńdì náà láti 1892, tí Sousa dá a sílẹ̀, sínú ìwé kan tó jáde ní 2006.

Nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ayé fi mọ̀ pé Herman Conrad wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé sousaphone nínú báńdì náà. Nítorí rẹ̀ ni a fi lè tọpasẹ̀ afọntúbà William Bell láti ọ̀dọ̀ Sousa ní 1921 dé ọ̀dọ̀ Toscanini, olùdarí ẹgbẹ́ olórin, ní 1937. Kì í ṣe òkìkí nìkan ló mú kí ìtàn àwọn afọntúbà wọ̀nyí dúró. Ẹnì kan ló jókòó ti ìwé wọn, àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi Yunifásítì Illinois sì rí ibi kó ìwé náà sí.

Ohun tó kan Àbújá

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìlú tuntun ni Àbújá, pé kò ní ìtàn irú èyí. Òótọ́ ni pé oṣù Kejì ọdún 1976 ni òfin dá a sílẹ̀, oṣù Kejìlá ọdún 1991 sì ni ìjọba kó wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí a wà. Lọ́kọ́ja, níbi tí Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1900, tí ọmọ ogun Frontier Force sì wà níbẹ̀, kò jìnnà sí wa. Zungeru, tó jẹ́ olú ìlú Àríwá kí Kaduna tó gbà á, wà ní ìpínlẹ̀ Niger tó bá wa pààlà. Kaduna ni ẹ̀ka Ilé Ìpamọ́ Ìwé tí fáìlì SNP, ti Akọ̀wé Àgbà fún Àríwá, wà. Ọdún 2016 sì ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn láti Idu ní Àbújá lọ sí Rigasa ní Kaduna. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló bá ọmọ ogun Frontier Force rìn ní àwọn ìlú wọ̀nyí. Títí di ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1930, ọlọ́pàá Àríwá àti ti Gúúsù yàtọ̀ síra wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá wá olórin Yorùbá ní Ìbàdàn nìkan, ìdajì ayé ọkùnrin náà ló wá.

Ohun tó tún kù wà nínú ilé yín, ní Gwarinpa, ní Kubwa, ní Karu, ní Nyanya. Nígbà tí ìjọba kó wá, àwọn òṣìṣẹ́ kó ẹrù wá, àpótí àwọn òbí wọn sì wà lára rẹ̀. Àwòrán baba ńlá tó wọ ẹ̀wù onígọ́lù, ìwé ìfẹ̀yìntì tí ikán ti fẹ́ẹ́ jẹ, ìwé orin tí wọ́n fi ọwọ́ dà kọ: abẹ́ ibùsùn ni wọ́n wà. Wọ́n lè wà ní Àbújá ju Èkó lọ lónìí.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin, mo sì fẹ́ kí a ṣe wọ́n kí ọdún yìí tó parí.

Èkínní, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣí àpótí rẹ̀. Bí ẹ bá rí àwòrán báńdì, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí àgbà ilé bá mọ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀dà rẹ̀, láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Ẹ wo ẹ̀yìn ìlà. Ibẹ̀ ni afọntúbà sábà ń dúró, tàbí kí ó gbé fèrè rẹ̀ sí iwájú ẹsẹ̀.

Èkejì, kí àwọn ọ̀dọ́ wa máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, kí wọ́n sì mọ bí a ti ń béèrè. “Kí ni iṣẹ́ bàbá yín?” kò tó. Ẹ béèrè pé, Bàbá, aṣọ wo ni ẹ rí lára bàbá yín ní ọjọ́ ọdún? Ta ló ń wá gbé e lọ sóde? Orin wo ló ń súfèé bó bá ń wẹ̀? Ta ló gbé fèrè lọ lẹ́yìn tí ó kú? Kí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ya ohun tí àgbà fojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n kàn gbọ́.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn báńdì ìjọba tó wà ní ìlú yìí, ti ológun àti ti ọlọ́pàá, máa tọ́jú orúkọ gbogbo olórin wọn láti òní lọ, kí wọ́n sì kó ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé. Ẹni tó bá fọn túbà ní Eagle Square lónìí, ẹnì kan yóò wá a ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i.

Ẹ̀kẹrin, kí a máa bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí ilé ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fún Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè ní àárín ìlú yìí. Ọdún 2006 ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà jáde, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì fi dúró láìparí. Ìwé ìròyìn tó lè sọ orúkọ afọntúbà wa fún wa kò lè dúró de ilé tí kò parí. Láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ní ibi tí àwa gan-an ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a máa dárúkọ ilé yìí títí yóò fi parí.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Báńdì gan-an jẹ́rìí sí òwe yìí, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni tó lè dá a fọn. Bí a bá ń kọ ìtàn orin wa, tí a sì dárúkọ olórí nìkan, ìtàn ẹnì kan la kọ, a kò tíì kọ ti báńdì. Mo gbà gbọ́ pé afọntúbà tó wà nínú àwo Lagos Mozart Orchestra ní ọmọ, ó ní ọmọ-ọmọ, ó sì ní orúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wá a, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ẹ̀rí, kí ó lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Azukwo Bassey nínú ìwé bí ó ti dúró tì í nínú orin.